Sìmẹ́ǹtì Bàbá Mi àti Ìhámọ́ra Òkìkí

Màmá mi máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi àti Òkìkí ti pàdé. Irọ́ ni o. Ojú ló ń tì í. Inú ṣọ́ọ̀bù géèmù ọ̀rẹ́ mi Princess ni a ti pàdé, lẹ́bàá jẹ́tì Igbókòdá níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo sì ti bú u kí n tó mọ orúkọ rẹ̀.

Èmi ni Ṣìkẹ́mi, ọmọ Kọ́lájọ tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Bí ẹ bá dé Igbókòdá tí ẹ béèrè ilé ẹni tó ń kan ọkọ̀ tí kì í jò, ilé wa ni wọn yóò júwe fún yín. Abẹ́ àtíbàbà tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ni mo dàgbà sí, mo sì mọ ìwúwo pákó kí n tó mọ ìwé kà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, èmi ni mo sì ń ṣírò iye pákó tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, kó lọ bá mi wo àwọn ọkọ̀ tí mo ti ṣírò, bóyá ọ̀kan rì nínú wọn.

Géèmù tí à ń gbá ní ṣọ́ọ̀bù Princess, Ọmọ Irin ni à ń pè é. Róbọ́ọ̀tì ńláńlá ni wọ́n, wọ́n ga ju ilé alájà méjì lọ, èèyàn á jókòó sínú orí wọn, á sì máa wà wọ́n lọ sójú ogun. Ṣùgbọ́n kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ìwọ fúnra rẹ ni wàá to róbọ́ọ̀tì rẹ. Wọn á ní ìwúwo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju àádọ́ta tọ́ọ̀nù lọ. Nínú àádọ́ta yẹn ni egungun rẹ̀ wà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níbẹ̀, ìbọn rẹ̀ wà níbẹ̀, ìhámọ́ra tí yóò dáàbò bò ó náà wà níbẹ̀. Bí o bá fẹ́ ìhámọ́ra tó nípọn, ìbọn á dín. Bí o bá fẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń sáré, ìhámọ́ra á fẹ́lẹ́. Àwọn ọmọkùnrin tó ń pariwo níbẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ìbọn ni. Èmi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwúwo ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ń nà wọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọkùnrin kan tí n kò rí rí jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó pupa díẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó sì ń tẹ kíbọ́ọ̀dù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kó dun kíbọ́ọ̀dù. Róbọ́ọ̀tì rẹ̀ ń rìn bí aboyún tó gbé omi lérí. Mo wò ó títí, ara mi ò gbà á mọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kú?” mo bi í.

Ó yíjú sí mi. “Kò yé mi.”

“Mo ní ta ló kú tí ẹ ń sìn lọ sí itẹ́? Òkú ni wọ́n ń gbé rìn báyìí.”

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, èyí tí n kò retí. Ó ní, “Ìhámọ́ra ló pọ̀. Mo fi sí gbogbo ara rẹ̀ kí wọ́n má baà tètè pa mí.”

“Ẹ̀yìn ńkọ́?”

“Ẹ̀yìn náà.”

“Ó nípọn tó ti àyà?”

“Ó nípọn tó ti àyà.”

“Ha! Ṣé ẹ fẹ́ máa fi ẹ̀yìn jà ni? Ta ló kọ́ yín?”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nàka. “Àbúrò yẹn ní kí n fi kún ẹsẹ̀. Èyí tó wọ pupa yẹn ní kí n fi kún orí. Princess ní kí n gbé ìbọn kẹta.”

“Ẹ wá gbọ́ ti gbogbo wọn?”

“Wọ́n ti pẹ́ nídìí ẹ̀ jù mí lọ,” ó dáhùn, ó sì dà bí ẹni pé òótọ́ inú rẹ̀ ni.

Mo fa kíbọ́ọ̀dù mọ́ra. Mo bó ìhámọ́ra ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi èyí tó fẹ́lẹ́ sílẹ̀, nítorí ẹni tó bá kọjú sí ogun kì í nílò ẹ̀yìn tó nípọn. Mo yọ ìbọn Princess dànù. Mo wá pààrọ̀ egungun rẹ̀ sí egungun oníhò, èyí tó fúyẹ́ ṣùgbọ́n tó ń gba àyè. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta la jèrè. Mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí àyà àti ẹsẹ̀. Nígbà tí róbọ́ọ̀tì yẹn padà sójú ogun, eré ló ń sá. Princess pariwo, àwọn ọmọ pariwo, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò wo ojú kọ̀ǹpútà mọ́, èmi ló ń wò.

“Òkìkí lorúkọ mi,” ó ní. “Èmi ni tíṣà ìṣirò tuntun. Ìgbòho ni mo ti wá.”

“Tíṣà ìṣirò! Ẹ ò wá lè ṣírò àádọ́ta?”

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ Sátidé kan kò kọjá kí a má pàdé. Láàárín ọ̀sẹ̀, á máa kọ̀wé sí mi lórí fóònù. Àwọn ọkùnrin mìíràn ń fi káàdì ìpè ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin, Òkìkí ń fi àwòrán róbọ́ọ̀tì ránṣẹ́. “Ṣìkẹ́mi, mo fẹ́ gbé ìhámọ́ra apá òsì wá sí àyà. Kí lo rí sí i?” Mo lè wà nídìí fáíbà tí a fi ń bo ara ọkọ̀, kí gọ́ọ̀mù kún ọwọ́ mi, fóònù á dún, màá sì sáré nu ọwọ́. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹ pùpùrù, òkèlè ẹ̀gẹ́ tiwa. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ló dé tí àwọn ará ilé wa ń pe iṣu ní uṣu, èmi náà á ní kó kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀ láìdi ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ mú. Omi ń bà á lẹ́rù gidigidi. Kò fi pamọ́ rí.

Oṣù keje tí a ti mọra, Princess wá bá mi lábẹ́ àtíbàbà. Ó we gèlè. Princess, tí kì í bọ́ fìlà lórí! Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé.

“Alárinà ni mí lónìí o,” ó ní. “N kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ. Nítorí náà o ò gbọdọ̀ bú mi.”

“Sọ̀rọ̀.”

“Tíṣà ní òun fẹ́ fẹ́ ọ.”

“Òun fúnra rẹ̀ ò lẹ́nu?”

“Ó ní ẹ̀rù rẹ ń ba òun ju omi lọ.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní parọ́. Bí ó bá ń bọ̀ lókèèrè, mo máa ń mọ ìrìn rẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún èèyàn. Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì sọ ọ́ fún Princess lọ́jọ́ náà. Òkìkí kì í bá mi jiyàn. Mo ní ká lọ, ó ní ká lọ. Mo ní ká dúró, ó ní òun náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo bá ní kó yọ lára róbọ́ọ̀tì, kíá ni yóò yọ ọ́.

“Ṣé ọkùnrin ni mo fẹ́ fẹ́ àbí gbohùngbohùn?” mo bi í.

Princess tún gèlè rẹ̀ ṣe. “Ọ̀rẹ́ mi, àwọn kan ń gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run fún wọn ní ọkùnrin tó ń gbọ́rọ̀, ìwọ ń ráhùn. Kí ni kí n sọ fún un?”

“Sọ fún un pé mo gbọ́. Kó lọ bá bàbá mi.”

Bàbá mi gbà á ní pálọ̀, èmi àti màmá mi sì wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Òkìkí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá mi jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ dáadáa kó tó ní kó dìde.

“O mọ̀ ọ́n wẹ̀?” bàbá mi bi í.

“Rárá, sà.”

“O mọ ọkọ̀ wà?”

“Rárá, sà.”

“Kí lo wá mọ̀?”

“Ìṣirò, sà.”

“Omi kì í kàwé,” bàbá mi ní. “Ará òkè ni ọ́. Ilẹ̀ tí ẹ̀yin ń tẹ̀ kì í mì. Ọmọ mi, orí omi ló ń gbé. Lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé, ìwọ ni yóò gbà á, àbí òun ni yóò gbà ọ́?”

Bàbá mi kò dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àṣà ilé wa. Láti ayé bàbá bàbá mi ni, ọkùnrin tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ilé wa kì í jókòó sí pálọ̀ gba ìdáhùn. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò di ẹrù ìtọrọ sínú ọkọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹrù náà lẹ́yìn tó bá ti dì í tán. Yóò gbé bàbá ìyàwó lọ bá olórí ẹbí, ibẹ̀ ni wọn yóò ti dáhùn. Ọmọbìnrin náà yóò wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ la ẹnu títí wọn yóò fi dé. Olórí ẹbí wa ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Màmá Moríkẹ́, tó ń yan ẹja ní Awoye, létí òkun. Bàbá mi gbà pé bí ọkùnrin bá ṣe ń di ẹrù sínú ọkọ̀ ni yóò ṣe di ilé mú. Ó ti lé ọkùnrin méjì padà nítorí ẹ̀gbọ́n mi Rhoda kó tó rí ẹni tó fún.

Òkìkí fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta múra. Ó kó iṣu wá láti Ìgbòho. Ó wọn gbogbo nǹkan lórí òṣùwọ̀n, ó kọ wọ́n sílẹ̀ bí ìgbà tó ń to róbọ́ọ̀tì: ìrẹsì, iyọ̀, ohun mímu, èèyàn mẹ́rin, epo ẹ́ńjìnnì. Ó yọ kíréètì kan kúrò, ó kó ohun mímu sínú àpò dípò kíréètì nítorí pé kíréètì wúwo. N kò kọ́ ọ, mo búra. Lọ́jọ́ náà, nígbà tó di ẹrù tán ní jẹ́tì, ọkọ̀ náà jókòó sórí omi dọ́gbadọ́gba. Wọlé, awakọ̀ tí yóò wà wá lọ, tó ti ń wakọ̀ láti kékeré, mi orí, ó ní, “Tíṣà gbìyànjú o.” Inú mi dùn, mo gbé àyà sókè bí ẹni pé èmi ni mo dì í.

Ìgbà náà ni bàbá mi dé. Wọ́n ń fi bárò ti àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta tẹ̀ lé e. Màmá Moríkẹ́ ń ṣe ìdí táǹkì omi, ó sì ti ń bẹ̀ ẹ́ fún sìmẹ́ǹtì láti oṣù tó kọjá. Bàbá mi gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jù wọ́n sí iwájú ọkọ̀ gan-an, ó gbọn ọwọ́, ó jókòó.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹrù náà. Ta ni yóò wá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ni àṣà? Mo wo Òkìkí. Òkìkí wo sìmẹ́ǹtì. Mo rí i tó ń ṣírò, ètè rẹ̀ ń mì. Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún la á, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, sà,” ó sì wọ láífù-jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Nínú odò tí wọ́n gbẹ́, kò sí wàhálà. Omi dúró jẹ́ẹ́, àwọn ọmọ ń juwọ́ sí wa láti orí àwọn ilé onígi. Ìgbà tí a dé ibi tí odò ti ṣí sílẹ̀ tí ìgbì òkun ti ń wọlé ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìgbì kìn-ín-ní dé, iwájú ọkọ̀ kò gbérí, ó tẹrí bọ omi. Omi ya wọlé. Ìgbì kejì tún dé. Wọlé ń pariwo pé ká bọ́ sẹ́yìn, a ń fi ike bu omi, iṣu ń léfòó káàkiri ẹsẹ̀ wa, sìmẹ́ǹtì ti di ẹ̀kọ. Òkìkí fi ọwọ́ kan di pákó mú, ó ń fi èkejì bu omi, ojú rẹ̀ ti funfun. Bí Wọlé ṣe yí ọkọ̀ padà, n kò mọ̀. A padà sínú odò ní rírin gbindin, kò sẹ́ni tó kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

N kò rántí àṣà mọ́. “Bàbá, sìmẹ́ǹtì yín ni!”

“Mo mọ̀,” bàbá mi ní. Kò wò mí. Òkìkí ló ń wò. “Ìwọ náà rí i?”

“Mo rí i, sà.”

“O mọ̀ pé ó pọ̀ jù?”

“Mo mọ̀, sà. Àádọ́jọ kìló ni, iwájú ló sì wà.”

“Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?”

Òkìkí nu omi lójú. “Ẹ̀yin ni, sà. Mo bẹ̀rù pé bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ ò ní fún mi ní Ṣìkẹ́mi mọ́.”

Bàbá mi ń fi ike bu omi tó kù títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé jẹ́tì. Ó wá ní, “Kí n má baà gba ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ, ìwọ gbé e fún omi. Kò sí ìyàwó níbí. Máa lọ.”

Mo bá bàbá mi jà lálẹ́ ọjọ́ náà títí ohùn mi fi há. Mo ní òun ló jẹ̀bi, mo ní òun ló ba àṣà ara rẹ̀ jẹ́. Ó ń jẹ pùpùrù rẹ̀ lọ. Màmá mi ló fà mí wọ yàrá.

“Bàbá rẹ jẹ̀bi,” ó ní. “Láti ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n ló ti ń jẹ̀bi. Mo ń sọ fún un lójoojúmọ́, yóò bínú, yóò sì gbọ́. Ìdí nìyẹn tí ilé wa kò fi tíì dojú dé. Ìwọ náà, Ṣìkẹ́mi, o máa ń jẹ̀bi gan-an. Ta ni yóò máa sọ fún ọ?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Fún oṣù kan gbáko, n kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù Princess, n kò sì fèsì sí àwòrán kankan. Òkìkí kò yéé fi wọ́n ránṣẹ́. Mo ń sunkún sórí pákó, mo ń sọ fún àwọn èèyàn pé ẹ̀rún pákó ló kó sí mi lójú. Mo fẹ́ ẹ, mo sì mọ̀ pé bàbá mi kò parọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ. Ó wà níbẹ̀, lórí àga rẹ̀. A kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo jókòó, mo wo róbọ́ọ̀tì rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ bí mo ṣe máa ń pàṣẹ.

“Yọ ẹ́ńjìnnì yẹn. Gbé èyí tó fúyẹ́ síbẹ̀. Wàá jèrè tọ́ọ̀nù mẹ́rin, ká fi ra ìhámọ́ra.”

“Rárá,” Òkìkí ní.

Mo yíjú sí i. “Kí lo wí?”

“Mo ní rárá. Òótọ́ ni, yóò fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó fúyẹ́ yẹn fẹ̀, ó na ara dé ìhà méjèèjì. Bí wọ́n bá lu ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, mo kú nìyẹn. Mo ti ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. N kò gbé e.”

“Èmi ni mo kọ́ ọ ní géèmù yìí o!”

“Ìwọ ni. Mo dúpẹ́. N kò gbé e.”

Mo pòṣé, mo bú u, mo ní tíṣà lásán-làsàn, mo ní kó lọ jà ká wò ó. Ó lọ. Wọ́n fọ́ ìhà òsì rẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, apá kan já bọ́, mo sì ti ń múra láti fi í ṣẹ̀sín. Róbọ́ọ̀tì náà kò ṣubú. Ó ń tiro, ó ń jà, ó sì borí àwọn méjì tó kù. Princess fò sókè. Èmi dìde, mo jáde, inú ń bí mi burúkú. Mo rìn dé ibi tí wọ́n ti ń ta edé gbígbẹ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni mo ń rín. Inú ń bí mi, inú mi sì ń dùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ràn èèyàn rí, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ó sáré bá mi níbẹ̀. “Ṣé o ń bínú?”

“Mo ń bínú.”

“Ẹ̀rù bà mí kí n tó sọ ọ́.”

“Mo rí i lójú rẹ.”

“Ṣìkẹ́mi, ṣé mo tún lè lọ bá Bàbá?”

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo mọ̀ níbẹ̀ pé bí kò bá jẹ́ ọkùnrin yìí, kò sí ẹlòmíràn mọ́. “Kí lo ṣì ń dúró ṣe níbí?” mo dá a lóhùn.

Princess tún we gèlè, ó lọ bẹ bàbá mi lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kìn-ín-ní, bàbá mi ní òun kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣílẹ̀kùn. Lẹ́ẹ̀kejì, màmá mi dá sí i. Ó ní, “Bàbá Ṣìkẹ́mi, ìwọ náà rántí iye ìgbà tí bàbá mi lé ọ.” Bàbá mi kùn títí. “Ẹ̀ẹ̀kan péré,” ó ní. “Bí ó bá tún ṣì í, kó lọ wá ìyàwó ní Ìgbòho.”

Ọjọ́ ọjà ni wọ́n mú. Jẹ́tì kún bámúbámú, gbogbo ayé ló sì ti gbọ́ ìtàn tíṣà tó fi omi òkun wẹ iṣu. Òkìkí wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun. Ó di ẹrù rẹ̀, kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń pariwo ìmọ̀ràn sí i. Ọkọ̀ dọ́gba. Mo wọ inú ọkọ̀, mo jókòó, mo fi eyín di ahọ́n mi mú.

Bàbá mi dé. Bárò ń tẹ̀ lé e. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta, tuntun.

Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá ìdánwò ni àbí ìwà. Bí mo bá bi í, á ní ìdí táǹkì ni òun ń rò. Ó gbé wọn sí iwájú ọkọ̀, ní ojú ibi tó gbé wọn sí nígbà yẹn, ó gbọn ọwọ́, ó jókòó, ó kọjú sí omi. Mo ń sọ nínú ara mi pé, Òkìkí, jọ̀ọ́. Òkìkí, jọ̀ọ́ o.

Òkìkí bọ́ fìlà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí pákó jẹ́tì tó tutù, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, àyà rẹ̀ kan igi.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà,” ó ní. “Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi.”

Ó dìde. Ó wọ inú ọkọ̀, ó gbé àpò kìn-ín-ní, ó gbé e sórí jẹ́tì. Àwọn èèyàn ní “Ha!” Ó gbé èkejì. Ó gbé ẹ̀kẹta. Àyà aṣọ funfun náà ti di eérú.

“Ọmọ ta ni ìwọ,” bàbá mi bi í, kò pariwo, “tí o ń já ẹrù mi sílẹ̀ lójú ọjà?”

“Ọmọ yín ni mí, sà, bí ẹ bá gbà mí. Bí ẹ kò bá sì gbà mí, sìmẹ́ǹtì yìí kò lè lọ náà ni.”

“Ẹ̀gbọ́n mi ń retí rẹ̀.”

“Èmi fúnra mi yóò gbé e lọ fún wọn lọ́la, sà, nínú ọkọ̀ mìíràn. Ọmọ yín ló wà nínú ọkọ̀ tòní.”

“Ìwọ tí omi ń bà lẹ́rù?”

“Ó ṣì ń bà mí lẹ́rù, sà.”

Bàbá mi wò ó. Mo mọ ojú yẹn, òun ló máa ń fi wo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá kọ́kọ́ tì í sómi, tí kò tíì mọ̀ bóyá yóò jò. Ó wò ó pẹ́. Ó wá sún díẹ̀ lórí pákó tó jókòó lé, ó fi ọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ pé kí Òkìkí wá jókòó síbẹ̀.

“Wọlé,” ó ní, “tan ẹ́ńjìnnì.”

Ọkọ̀ kúrò ní jẹ́tì, iwájú rẹ̀ gbérí dáadáa. Omijé ń ṣàn lójú mi, mo sì pa ẹnu mọ́, nítorí àṣà ni àṣà. A kò tíì rìn jìnnà tí ẹnì kan láàárín èrò fi kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Bàbá Ṣìkẹ́mi! Bàbá Ṣìkẹ́mi o! Ẹ gbàgbé sìmẹ́ǹtì yín!”

Bàbá mi yíjú padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kí gbogbo jẹ́tì lè gbọ́.

“N kò gbàgbé!” ó kígbe. “Ọkọ ọmọ mi ló ní kò lè lọ!”